Ṣé Tàràńtúlà Ẹlẹgẹ́ Tó Ṣọ̀wọ́n Ló Yẹ Kéèyàn Fi Bẹ̀rẹ̀ Ọ̀sìn?

Ẹnìkan rí fọ́tò Poecilotheria metallica, ọ̀kan lára àwọn aláǹtakùn ńlá onírun tí wọ́n ń pè ní tàràńtúlà, lórí ayélujára. Ara aláǹtakùn ọ̀hún búlúù bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú aró jáde, ilà funfun sì wà lẹ́yìn rẹ̀ bí igbá tí wọ́n fín. Ẹni náà kò sin aláǹtakùn kankan rí, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ti lọ síbẹ̀, ó sì ti ń wá ẹni tó máa tà á fún un. Ìbéèrè tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń bi mí kì í gùn: ṣé mo lè fi èyí bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn mi ni pé ẹ má fi í bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní kí ẹ má rà á láyé yín o. Ohun tí mo sọ ni pé kó má ṣe jẹ́ àkọ́rà. Mo sì fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ dáadáa, torí ìdí tí wọ́n sábà máa ń sọ fáwọn èèyàn kò tọ̀nà tán. Wọ́n á ní "ó wọ́n jù", tàbí "ó lẹgẹ́ jù", tàbí "ó ní oró", bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Tàràńtúlà kan lè ṣọ̀wọ́n bí ojú kó má sì jẹ́ ẹlẹgẹ́ rárá. Òmíràn lè wà ní owó pọ́ọ́kú, kó sì jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tó ti pẹ́ nídìí ọ̀sìn yìí nìkan ló yẹ kó wà. Ẹni tí kò bá ya ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ á ra ohun tí kò yẹ, á sì sá fún èyí tó yẹ.

Ibo ló ti ṣọ̀wọ́n?

Èdè wa ti là á fún wa tẹ́lẹ̀: ohun tó wọ́n ni ohun tí owó rẹ̀ ga, ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ohun tí ojú kì í sábà rí. Àwọn tó ń tajà máa ń da méjèèjì pọ̀. Ẹ̀yà tàràńtúlà tí àwọn onímọ̀ ti fún lórúkọ lé ní 1,000, nítorí náà kò sígbà tí ẹ ò ní rí èyí tí wọ́n á máa pè ní ọ̀wọ́n. Ohun tó yẹ ká béèrè ni ibi tó ti ṣọ̀wọ́n, àti ohun tó fà á.

Ẹ jẹ́ ká mú aláwọ̀ aró tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1899 ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Pocock kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀, láti ara ẹyọ kan tí wọ́n rí níbi tí wọ́n ń to gẹdú rélùwéè sí ní ìlú Gooty, ní gúúsù Íńdíà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí kò sí gbúròó rẹ̀; ọdún 2001 ni wọ́n tó tún rí i nínú igbó. Igbó tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn kò tó 100 kìlómítà onígun mẹ́rin, àwọn èèyàn sì ń gé igi ibẹ̀ fún gẹdú àti fún ìdáná. Àjọ IUCN, tó ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn ohun alààyè tí ewu wà lórí wọn kárí ayé, kà á mọ́ àwọn tó wà lẹ́nu àtiparun. Ṣùgbọ́n nínú àpótí àwọn tó ń sìn ín ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ó pọ̀ dáadáa, torí wọ́n ti ń mú un bímọ níbẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ó ti fẹ́ tán nínú igbó, ó ń pọ̀ sí i nínú ike. Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé ó ṣọ̀wọ́n, òótọ́ ló sọ. Bí ẹlòmíràn bá sọ pé kò ṣọ̀wọ́n, òun náà ò purọ́.

Irú ọ̀wọ́n kejì kò kan igbó rárá. Ọ̀wọ́n ọdún ni. Brachypelma hamorii ti Mẹ́síkò, tí orúnkún rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná, abo rẹ̀ lè lo ọdún méje tàbí mẹ́jọ kó tó dàgbà, lẹ́yìn náà ó tún lè gbé ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Grammostola pulchra, dúdú kirikiri tó rọ̀ lójú bí fẹ́lífẹ́ẹ̀tì, kì í yára dàgbà bákan náà. Bí ẹ bá rí abo àgbà nínú wọn tí owó rẹ̀ ga, oúnjẹ àti sùúrù tí ẹlòmíràn ti ná sórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ ń san. Àmọ́ àwọn wọ̀nyí wà lára àwọn tó rọrùn jù lọ láti sìn! Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi owó díwọ̀n ìṣòro.

Irú kẹta ni èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Bí àwọn onímọ̀ bá gbé ẹ̀yà tuntun jáde, pàápàá tí àwọ̀ rẹ̀ bá dára, kì í pẹ́ tí àwọn kan á fi lọ sí igbó ibẹ̀ láti kó o. Èyí ló mú kí àwọn onímọ̀ kan máa fi ibi tí wọ́n ti rí ẹ̀yà tuntun pa mọ́. Èyí tí wọ́n bá kó bẹ́ẹ̀, inú igbó ni wọ́n ti mú un, ó lè ti ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ lára, ẹnikẹ́ni ò mọ ọjọ́ orí rẹ̀, fàyàwọ́ ló sì sábà máa ń gbà wọlé. Ẹni tó bá rà á ti dá sí i, ì báà ṣe pé kò mọ̀.

Òfin náà wà ńbẹ̀. Àdéhùn àgbáyé tó ń jẹ́ CITES ló ń ṣètò rírà àti títà àwọn ẹranko tí ewu wà lórí wọn láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Brachypelma smithi wọ inú rẹ̀ ní 1985, gbogbo ẹ̀yà Poecilotheria sì wọ̀ ọ́ ní 2019. Kò túmọ̀ sí pé èèyàn ò lè ní wọn. Ó túmọ̀ sí pé wọn ò gbọ́dọ̀ kọjá ẹnubodè láìsí ìwé àṣẹ. Tí ẹni tó ń tà á ò bá lè sọ fún yín pé inú ọ̀sìn ni wọ́n bí i sí, ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kó rẹwà tó.

Ara tí omi ń ti

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé, torí ẹlẹgẹ́ ni ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń lò jù tí wọ́n sì mọ̀ kéré jù.

Gbogbo tàràńtúlà pátá ló jẹ́ ẹlẹgẹ́ ní ọ̀nà kan. Awọ ikùn wọn tinrin. Bí èyí tó tóbi bá já bọ́ láti ibi tí kò ga ju orúnkún èèyàn lọ, ikùn náà lè bẹ́, ó sì parí nìyẹn. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń gbé wọn sọ́wọ́, tí mo sì ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má gbé wọn sọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó ń sìn wọ́n bá ní "ẹ̀yà yìí lẹgẹ́", ohun mìíràn ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ń sọ pé kì í dárí àṣìṣe jini.

Láti mọ irú àṣìṣe tó jẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ara wọn ṣe ń ṣiṣẹ́. Tàràńtúlà ní iṣan tó fi ń ká ẹsẹ̀, àmọ́ kò ní iṣan tó máa na àwọn oríkèé ẹsẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù. Omi ara rẹ̀ ló ń fi agbára tì wọ́n síta láti inú, bí ìgbà tí omi bá wọ inú rọ́bà tó sì nà gbọnrangandan. Bí omi bá wá dín kù lára rẹ̀, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọlé, gbogbo wọn á kó jọ sábẹ́ àyà bí ìka ọwọ́ tó di ẹyọ owó mú. Bí ẹ bá ti rí i bẹ́ẹ̀, ikú ti dé ẹnu ọ̀nà. Ibi tó ń gbà mí sì wà lábẹ́ ikùn, ihò mẹ́rin tí abala tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú wọn bí ojú ewé ìwé. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa kọjá lára àwọn abala wọ̀nyí, wọn ò sì gbọ́dọ̀ gbẹ.

Nítorí náà, ohun méjì ni tàràńtúlà ń wá lọ́wọ́ yín: kó má gbẹ, kó sì rí afẹ́fẹ́ tuntun mí. Àwọn tó le dáadáa kì í bínú tí ẹ bá ṣì í ṣe díẹ̀. Ilẹ̀ gbígbẹ ni ibùgbé wọn látilẹ̀wá, awọ wọn kì í jẹ́ kí omi tètè fi ara wọn sílẹ̀, wọ́n á lọ mu omi nínú àwo, wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ. Àwọn ẹlẹgẹ́ ni ẹni tó ń sìn wọ́n gbọ́dọ̀ gbé àárín ohun méjèèjì láìṣèèṣì. Theraphosa blondi, tó wúwo ju gbogbo aláǹtakùn ayé lọ, tí ìnà ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tó 30 sẹ̀ǹtímítà, inú ihò nínú igbó ọlọ́rinrin ní àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà ló ń gbé. Bí ilẹ̀ rẹ̀ bá gbẹ nígbà tó fẹ́ bọ́ awọ, awọ á lẹ̀ mọ́ ọn lára, á sì kú sínú rẹ̀. Avicularia àti Caribena, tí wọ́n ń gbé orí igi, tún yàtọ̀ sí i. Ọ̀rinrin díẹ̀ dára fún wọn, àmọ́ tí afẹ́fẹ́ ò bá fẹ́ wọlé kó fẹ́ jáde, ọ̀rinrin yẹn gan-an ló máa pa wọ́n.

Èmi náà ti pa ọ̀kan bẹ́ẹ̀, ó sì ṣì ń dùn mí. Ọmọ Caribena versicolor ni, láti erékùṣù Martinique ni ẹ̀yà rẹ̀ ti wá. Kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ nígbà tí mo rà á, búlúù ni látòkè délẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n da omi aró sí i lára. Wọ́n fún mi ní bébà kan tí wọ́n kọ "ọ̀rinrin púpọ̀" sí. Mo tẹ̀ lé e bí òfin. Mo ń fín omi sínú ike náà láàárọ̀, mo ń fín in lálẹ́, ọmọrí ike náà kò sì ní ju ihò mẹ́fà tí mo fi abẹ́rẹ́ lu. Ara ike ń sun omi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, nǹkan funfun bí òwú hù sórí èèpo igi tí mo fi sínú rẹ̀. Ọmọ aláǹtakùn náà kúrò nínú ilé òwú tó ti ta sábẹ́ èèpo, ó lọ lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọmọrí, ó fi ikùn sí ibi tí àwọn ihò yẹn wà. Inú mi dùn pé ó ti ń rìn kiri. Afẹ́fẹ́ ló ń wá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá a nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti ká.

Ká ní ẹ̀yà tó le ni, á ti jókòó sórí àmì tó ń fi hàn mí fún oṣù kan, ǹ bá rí ẹni bi, ǹ bá tún ike ṣe. Èyí tí mo rà fún mi ní ọjọ́ kan péré. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí tó le àti ẹlẹgẹ́ nìyẹn: àkókò tó wà láàárín ìgbà tó bá sọ̀rọ̀ àti ìgbà tó bá kú. Aláǹtakùn kì í ké, kì í kérora. Ìjókòó rẹ̀, ikùn rẹ̀, ibi tó bá yàn láàyò nínú ike ni èdè rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò tíì gbọ́ èdè náà, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ olùkọ́ tó ní sùúrù ló yẹ kó ti lọ kọ́ ọ.

Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un nípa bébà yẹn, torí mo gbà pé òun ló ń pa ọmọ aláǹtakùn jù. Ẹ̀yà tó bá ṣọ̀wọ́n, àwọn tó ti sìn ín kò pọ̀, nítorí náà ìmọ̀ nípa rẹ̀ kéré. Ohun tí wọ́n á ṣe ni pé wọ́n á wo bí ojú ọjọ́ ṣe rí ní orílẹ̀-èdè tó ti wá, wọ́n á kọ iye ooru àti ọ̀rinrin ibẹ̀ sílẹ̀, ẹlòmíràn á dà á kọ, ẹlòmíràn á tún dà á kọ. Àmọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ojú ọjọ́ kò sí nínú ihò aláǹtakùn. Ihò tó jìn nínú ilẹ̀ tutù lọ́sàn-án gangan, ó sì ní ọ̀rinrin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí gbogbo ilẹ̀ òkè ti là. Inú kòtò igi náà ní ojú ọjọ́ tirẹ̀. Ẹni tó ti sin mẹ́ta mẹ́rin rí á wo nọ́ńbà inú bébà, á wo ẹranko, á sì gba ti ẹranko gbọ́. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ò ní ohun mìíràn tó lè gbà gbọ́ ju bébà lọ.

Ọjọ́ tó bá dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn

Kò sí ọjọ́ tó ń dẹ́rù ba ẹni tuntun bí ọjọ́ tí tàràńtúlà rẹ̀ bá fẹ́ bọ́ awọ. Mo ti gbọ́ tẹni tó gbé e sọ nù lọ́jọ́ náà, tó rò pé ó ti kú.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, nígbà míì oṣù mélòó kan, á kọ oúnjẹ. Ikùn á dúdú, á máa dán, pàápàá níbi tí irun bá ti rẹ̀ dànù. Ẹni tuntun á rò pé àìsàn ni, á sọ ìrẹ̀ sí i, á tún sọ òmíràn sí i. Ìrẹ̀ yìí wá di ewu, torí bí aláǹtakùn bá dùbúlẹ̀ tí kò lè jà, ìrẹ̀ tí ebi ń pa á jẹ ẹ́. Nígbà tó bá yá, tàràńtúlà á ta òwú bí ẹní sílẹ̀, á sì yí padà, á fi ẹ̀yìn lélẹ̀, á na gbogbo ẹsẹ̀ sókè. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ má yí i padà. Èyí tó bá kú kì í sábà nà lọ́nà yẹn. Ìdojúbolẹ̀ ló máa ń wà, ẹsẹ̀ á ká sábẹ́. Èyí tó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tó le jù láyé rẹ̀ lọ́wọ́ ni.

Bí ẹ bá ní sùúrù láti wò ó, ẹ óò rí i tí ìbòrí àyà rẹ̀ á ṣí bí ọmọrí ìkòkò. Lẹ́yìn náà á máa fa ẹsẹ̀ yọ díẹ̀díẹ̀, á fà á, á sinmi, á tún fà á, bí ẹni ń bọ́ ṣòkòtò tó há tó sì tutù. Kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan ló ń pààrọ̀ o: eyín, ọ̀fun, àní awọ inú ibi tó fi ń mí pàápàá ló ń bọ́. Ó lè gbà á ní wákàtí mélòó kan. Bó bá jáde tán, eyín rẹ̀ á funfun bí eyín ọmọ jòjòló, kò sì lágbára kankan. Wọ́n á pọ́n, wọ́n á wá dúdú. Ìgbà tí wọ́n bá dúdú ló tó lè jẹun. Fún èyí tó tóbi, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Ọjọ́ yìí ni gbogbo àṣìṣe ọ̀rinrin máa ń fi ara hàn. Ẹsẹ̀ á há sínú awọ tó gbẹ, tàbí ẹranko náà kò ní lágbára tó láti jáde. Ẹ̀yà tó le lè pàdánù ẹsẹ̀ kan kó sì tún hù nígbà tó bá tún bọ́ awọ. Ẹlẹgẹ́ sábà máa ń kú síbẹ̀ ni. Ẹ rò ó wò: ṣé ẹ̀yà tí inú igbó rẹ̀ ti fẹ́ ṣófo ló yẹ kéèyàn fi rí irú ọjọ́ yìí fún ìgbà àkọ́kọ́?

Eléwu kì í ṣe ẹlẹgẹ́

Mo máa yára kọjá níbí. Ọ̀pọ̀ tàràńtúlà ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti àríwá dé gúúsù, ní irun kan lórí ikùn tó dà bíi yèrèpè. Bí wọ́n bá bínú, wọ́n á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ha ikùn, irun náà á fò sáfẹ́fẹ́. Lára, yóò yún yín. Bó bá wọ ojú, ẹ tètè lọ rí dókítà. Àwọn ti Áfíríkà, Éṣíà àti Ọsirélíà kò ní irun yìí. Eré àti oró ni tiwọn. Poecilotheria metallica kì í tilẹ̀ ṣe ẹlẹgẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó bá ti dàgbà díẹ̀. Ó máa ń fara da nǹkan. Ṣùgbọ́n ó ń sáré débi pé ojú kì í bá a, bó bá sì bu èèyàn jẹ, iṣan ara á máa fà, á máa so, ó sì lè lọ kó tún padà wá lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́. Heteroscodra maculata ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà rí bẹ́ẹ̀ náà, owó rẹ̀ kì í sì í ga. (Inú oró rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti rí èròjà tí wọ́n lò ní 2016 láti mọ̀ sí i nípa bí iṣan ìmọ̀lára ṣe ń gbé ìrora.)

Ohun tí ewu ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ wa ni ọwọ́ ẹni tó ń sìn ín. Bí ẹranko bá ta jáde lójijì tí ọwọ́ yín bá gbọ̀n, ọmọrí lè já lé e, tàbí kó bọ́ sílẹ̀, tàbí kó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ. Ọwọ́ tí kì í gbọ̀n, inú ìwé kọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ.

Ọmọ olówó pọ́ọ́kú, akọ olówó pọ́ọ́kú

Ẹni tí owó àgbà rẹ̀ kò ká á máa sọ pé òun á ra ọmọ rẹ̀. Mo lóye rẹ̀. Àmọ́ kò sí tàràńtúlà tó lẹgẹ́ bí ọmọ wẹ́wẹ́. Omi tó wà lára rẹ̀ kò tó ẹ̀kán kan, ó sì lè gbẹ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó bá ra ọmọ ẹ̀yà ẹlẹgẹ́ ti ra ìlẹgẹ́ méjì pọ̀.

Akọ àgbà ni pańpẹ́ kejì. Akọ tàràńtúlà, lẹ́yìn tó bá ti bọ́ awọ ìkẹyìn, kì í sábà bọ́ òmíràn mọ́. Á máa rìn kiri wá abo, á máa rù, á sì kú láàárín oṣù mélòó kan tàbí ọdún kan sí méjì. Nítorí náà bí wọ́n bá ń ta àgbà ẹ̀yà tó ṣọ̀wọ́n ní ìdajì owó, ẹ béèrè bóyá akọ ni. Ẹ wo ẹsẹ̀ kékeré méjì tó wà níwájú: bí orí wọn bá wú bí ìbọ̀wọ́ àwọn tó ń kan ẹ̀ṣẹ́, akọ tó ti dàgbà tán ni.

Èwo wá ni kéèyàn kọ́kọ́ rà?

Ní tèmi, Tliltocatl albopilosus ti Amẹ́ríkà Àárín ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Irun rẹ̀ wé kókó, àwọ̀ rẹ̀ bí ilẹ̀, kò sẹ́ni tó ń jà nítorí ẹwà rẹ̀, àmọ́ ó máa ń jẹun dáadáa, ó máa ń jókòó síta kí ẹ lè máa wò ó, kì í sì í tètè bínú. Grammostola pulchripes ti Ajẹntínà àti Paraguay tẹ̀ lé e, ó tóbi, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Bí owó bá wà, Brachypelma hamorii tí mo ti sọ. Ẹ ra èyí tí ìnà ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ fún un ní iyẹ̀pẹ̀ tó jìn, ibi tó lè sá sí, àti àwo omi pẹlẹbẹ. Oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó. Bí ẹ bá gbàgbé fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò ní kú.

Kí ẹ béèrè orúkọ sáyẹ́ǹsì o. Àwọn orúkọ ọjà máa ń yí, orúkọ kan sì lè wà fún ẹ̀yà mẹ́ta. Àní orúkọ sáyẹ́ǹsì náà máa ń yí: ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń pè ní Brachypelma smithi tẹ́lẹ̀ ló di hamorii lẹ́yìn ìwádìí 2017.

Àwọn kan á sọ pé àwọn ti ka gbogbo ohun tó wà láti kà, àwọn sì lówó àpótí tó dára jù. Òótọ́ ni, àwọn kan sì ti fi ẹlẹgẹ́ bẹ̀rẹ̀ tí kò kú. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Àkísà ni mò ń sọ níbí: awọ tí ẹ ti bá bọ́, oṣù tó fi kọ oúnjẹ tí ẹ ò fi bẹ̀rù, ọjọ́ tí ẹ kó o láti ike kan sí òmíràn tí kò sá. Bí ẹ bá ti rí i kó bọ́ awọ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, tí ẹ mọ ìyàtọ̀ láàárín èyí tó ń gbààwẹ̀ àti èyí tó ń ṣàìsàn, tí ẹ sì lè lo oṣù kan láì ṣí ike láìnídìí, ẹ ti ń sún mọ́ ọn.

Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ti rà á kí ẹ tó ka èyí, ẹ má bọkàn jẹ́. Ẹ lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ ike ní apá méjì tó dojú kọra, kí afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ má fín omi sí gbogbo inú ike. Ẹ da díẹ̀ sí igun kan ṣoṣo, kí ìyókù máa gbẹ, ẹranko náà á yan ibi tó bá fẹ́. Ẹ má gbé e sábẹ́ iná tàbí sójú oòrùn. Bí inú yàrá kò bá ti tutù jù fún yín, kò tutù jù fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ kọ ọjọ́ tó jẹun àti ọjọ́ tó bọ́ awọ sílẹ̀. Bó bá ń lọ lẹ̀ mọ́ ihò afẹ́fẹ́ lójoojúmọ́, ṣe ni kí ẹ fi kún ihò náà lọ́jọ́ náà gan-an.

Mo ní Caribena versicolor mìíràn báyìí. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn àkọ́kọ́ ni mo tó rà á, lẹ́yìn tí mo ti sin albopilosus méjì. Búlúù ọmọdé ti ń kúrò lára rẹ̀, àwọ̀ ewé ti dé sí i láyà, ikùn rẹ̀ ti ń pọ́n. Inú ilé òwú tó ta sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèpo igi ló wà, ó sì ti ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tó ti di ẹnu rẹ̀ pa. Mi ò tíì ṣí i.